Ìlà Méjì Tí Mo Ń Fi Kún Lẹ́tà Màmá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹ̀ mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kọ̀wé kí n má sọ pé ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé ni mí, Ṣàngó-Ọ̀tà ló wò mí dàgbà. Ẹ sì máa ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí màmá mi mú mi kúrò ní Kétu, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin o, kì í ṣe ti Èkó, torí pé ó ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ bísíkíìtì níbí.

Màmá mi ò mọ̀wé. Bó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá ẹ̀ ní Kétu, òun a máa sọ, èmi a máa kọ. Tó bá parí, màá fi ìlà méjì tèmi sí ìsàlẹ̀. Ṣé ó máa mọ̀ ni?

Ìyá àgbà kú lóṣù tó kọjá. Ní Sátidé yẹn, àbúrò màmá mi kó àwọn lẹ́tà náà wá bá wa nílé wa ní Ijoko, ní Ọ̀tà níbí. Màmá mi ní kí n kà wọ́n fún òun látòkè délẹ̀. Látòkè délẹ̀ kẹ̀! Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, ìlà tèmi rèé:

“Ìyá àgbà, ọmọ Kútọnu ni wọ́n ń pè mí ní súkúù. Nàìjíríà kì í ṣe ilé mi. Ẹ wá mú mi.”

Mo fẹ́ fò ó. Obìnrin tó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ títí ẹsẹ̀ fi wú nítorí mi! Àmọ́ irọ́ ti sú mi. Mo kà á.

Ojú ẹ̀ ò yí padà. Ó ní òun ti mọ̀ látijọ́. Olùkọ́ ìjọ tó ń bá ìyá àgbà ka lẹ́tà kì í fo nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ìyá àgbà ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà.

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò dá mi padà.

Ó ní, “Tí mo bá dá ẹ padà, ta ni mo tún ní ní Nàìjíríà yìí?”

Mi ò lè bínú, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín. Ọmọdé mọ ibi tó ń dun òun, kò mọ ibi tó ń dun ìyá ẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ń kọ̀wé nípa ilé àti orílẹ̀-èdè, mi ò bi í rí bóyá ibí ti di ilé fún un. Mo wá bi í.

Ó ní ní báyìí tí màmá òun ti kú, kò sẹ́ni tó ń pe òun wálé mọ́, àfi kí òun kúkú máa pe ibí náà nílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi àwọn òbí yín rí, ibo ni wọ́n ń pè nílé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, màá kà á.