Okùn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Sun

Òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rọ̀ ní Uselu láàárọ̀ ọjọ́ tí àwa obìnrin ọjà jókòó sójú títì. Ayé ìjọba ológun la wà nígbà náà. Ìró wa ti tutù mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni gẹdú já bọ́ láti orí lọ́rì, tó pa Ìyá Fúnkẹ́ nídìí ìsọ̀ ike rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi di àwọn igi ńláńlá yẹn, kì í ṣe ṣéènì. Mo fọwọ́ mi kan okùn náà: ó ti gbó, wọ́n sì ti so ó pọ̀ níbi mẹ́ta tó ti já rí. Awakọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun bẹ ọ̀gá òun títí kó ra ṣéènì, ọ̀gá ní kóun máa wakọ̀ lọ.

Ohun tí a ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọ̀gá tó ni lọ́rì àti igi náà wá jẹ́jọ́, kó má jẹ́ awakọ̀ nìkan. Òun àti ọlọ́pàá jọ dé. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé okùn tuntun lòun rà, awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n so. Ẹnìkan bi í bóyá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ló rà á. A rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ní mo fojú mi rí okùn náà.

Ọlọ́pàá kọjú sí mi. "Mama, where the rope?"

Lọ́jọ́ kejì ikú náà, nígbà tí a fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n sun okùn náà. Nílé wa, ohun tó bá pa èèyàn kì í bá alààyè gbé. Kò sẹ́ni tó jiyàn, torí èmi làgbà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀. Orí sì wọ́ lọ́wọ́ èmi gan-an.

Ìyá Ṣadé tó jókòó tì mí fa ìró mi. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń gbé páálí ìwọ́de kiri lónìí, ẹgbẹ́ awakọ̀ ṣèlérí fún wa pé ṣéènì ni wọn yóò máa fi di gẹdú. Wọ́n mú un ṣẹ fúngbà díẹ̀. Awakọ̀ nìkan ló lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ ní láìsí okùn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tèmi. Kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀, ẹ tọ́jú ohun tó lè jẹ́rìí yín. Mo ṣì jẹ Ìyá Fúnkẹ́ ní gbèsè yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ìjókòó wa, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ekosodin, níbi tí Fúnkẹ́ ń gbé nítorí yunifásítì. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n sun okùn náà. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Píjìn ló fi ń dáni lóhùn.

"Mama, how the rope be?"

Ó ti mú ìwé àti báírò. Mo sọ àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, àti ìsopọ̀ mẹ́ta náà. Nígbà tó kọ ọ́ tán, mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.