Ife Tí Ìyá Rakan Gbé Kalẹ̀

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó Ilé Rayhan. Àwa mẹ́jọ jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ìwúlò rẹ̀ lọ: dókítà, lọ́yà, ọ̀gá báńkì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnìkẹsàn-án ni Ìyá Rakan, tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó sì gbé àwo oúnjẹ láwọn òtẹ́ẹ̀lì etí Òkun Òkú. Èmi, Bàbá Layth, ni olùkọ́ yẹn, èmi sì ni akọ̀wé. N ò ní purọ́ fún yín, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ obìnrin yìí, mo yọ ṣùtì. Mo ní, kí ni ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ̀ nípa ìgbìmọ̀? Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá yọ ṣùtì sí i níṣojú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa na án tán bí owó.

Ìlú As-Salt ni wá, orí òkè, níbi tí gbogbo ilé àtijọ́ ti jẹ́ òkúta aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà la gbà tí a sọ di Ilé Rayhan, ilé oúnjẹ nísàlẹ̀, yàrá àlejò mẹ́fà lókè. Àwọn ọ̀dọ́ tí ilé ìwé ti já sílẹ̀, tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń ka igi àjà, la ń gbà fún ọdún kan láti kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè, ìtọ́jú yàrá àti bí a ṣe ń gba àlejò. Ohun tí àlejò bá san, inú ẹ̀kọ́ wọn ló ń padà sí. Ogún ọmọ ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin tí a fi dá ilé náà sílẹ̀ ló ní kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ jẹ́ ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà rí. Báyìí ni Ìyá Rakan ṣe dé.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó rí ìkòkò tíì lórí tábìlì tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó bu tíì yí gbogbo wa ká. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Issam, gba ife tirẹ̀ láìwo ojú ẹni tó gbé e fún un. Èmi náà gbà tèmi, mo sì mu ún. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ní ìpàdé kejì, Ọ̀gbẹ́ni Issam tẹ́ ìwé síwájú wa, ó ń ka ohun tí a ó ṣe ní ọdún márùn-ún tó ń bọ̀. Ìyá Rakan na ọwọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti yẹ bàtà àwọn ọmọ yìí wò?”

Ẹ̀rín sọ. Alága ní, “Ìyá Rakan, ìpàdé ìgbìmọ̀ la wà o, a ò sí ní ṣọ́ọ̀bù bàtà.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sílípáàsì ni wọ́n wọ̀ nínú ilé ìdáná tó tutù yọ̀bọ̀. Epo gbígbóná ò ní dúró kí ọdún márùn-ún pé.”

A sọ̀ kalẹ̀ lọ wò. Nínú ogún ọmọ, mẹ́rìnlá ló wọ sílípáàsì, ọ̀kan tilẹ̀ fi okùn so tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo wọn ti ní bàtà tí kì í yọ̀. Ní ìpàdé kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Issam fúnra rẹ̀ ló bu tíì, Ìyá Rakan ló sì kọ́kọ́ bu fún.

Gbogbo ìyẹn, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Alhaji Mutlaq ló ni ilé tí a ń lò. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ọmọ àgọ́ aginjù ni bàbá rẹ̀, kò sì gbàgbé. Ọdún mẹ́wàá tí ó fún wa máa pé níparí ìgbà òdòdó, oníṣòwò kan láti Amman sì ti ń wọlé jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, pé òun fẹ́ gba ilé náà. Bí Alhaji bá gbà fún un, ogún ọmọ máa padà sílé lọ ka igi àjà. A pè é wá jẹun ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Àwọn ọmọ se mansaf, àgùntàn nínú wàrà gbígbẹ, èyí tí Alhaji fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ lókèlè lókèlè títí ó fi fara ti ìrọ̀rí, tó ní, “Alhamdulilahi.” Inú wa dùn. Ọ̀gbẹ́ni Issam ti ń fọwọ́ pa ìwé àdéhùn tó wà lápò rẹ̀.

Rahaf ló gbé kọfí wọlé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ọmọ mẹkáníìkì kan ní Zarqa, ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ là. Ó fẹ́ ṣe é dáadáa. Ó bu ife kékeré yẹn kún dẹ́múdẹ́mú, ó rọra gbé e fún Alhaji pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì dà sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ife àlejò kì í kún. Díẹ̀ la ń bu sí i, kí a lè bu òmíràn, kí àlejò lè pẹ́. Ife tó kún, ohun tó ń wí ni pé, mu ún, kí o sì máa bá tìrẹ lọ.

Alhaji wo ife náà. Ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, ó gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó dìde. Ní ẹnu ọ̀nà ó ní, “Mo ti gbọ́,” ó sì lọ. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọmọbìnrin yẹn.

Lọ́jọ́ kejì a ṣe ìpàdé. Alága ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kí a lé Rahaf, kí a kọ̀wé sí Alhaji pé a ti lé e.

“Ọmọ kan la ó fi ra mọ́kàndínlógún padà,” ni lọ́yà wí. Èmi, mo ti mú bíírò láti kọ ọ́ sílẹ̀.

“Bàbá Layth, fi bíírò yẹn sílẹ̀ ná,” ni Ìyá Rakan wí. Mo fi í sílẹ̀. “Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní kọfí?”

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Èmi ni. Ní òtẹ́ẹ̀lì, bí ife oníbàárà ò bá kún, á ní kí wọ́n pe ọ̀gá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi bu ife kún fún àwọn àjèjì, ohun tí mo sì fi kọ́ ọ nìyẹn. Bí ẹnìkan bá máa lọ, orúkọ mi ni kí ẹ kọ.”

“Ìyá Rakan, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀,” ni Alága wí.

“Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́sàn-án ló jókòó síbí o! Kí ni a ń bójú tó gan-an, ilé ni àbí ọmọ?” Ó dìde. “Mò ń lọ bẹ Alhaji. Ẹ múra.”

“Obìnrin kì í ṣíwájú irú ìrìn bẹ́ẹ̀,” ni lọ́yà wí.

“Ẹ tẹ̀lé mi lẹ́yìn nígbà náà.”

Nígbà tí a jáde, Rahaf wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá Rakan gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sílé ìdáná, ó ní, “Lọ bọ́jú. Ìwọ náà ń bá wa lọ.”

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, a tò lọ sílé Alhaji Mutlaq, Ìyá Rakan níwájú, Rahaf lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa ọkùnrin lẹ́yìn. Ọmọ Alhaji bu kọfí fún wa, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Ìyá Rakan fọwọ́ ọ̀tún gba tirẹ̀, kò mu ún. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹni tó ṣíwájú ikọ̀ bá gbé ife kalẹ̀ báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló mú wá, kò sì ní mu ún àfi bí onílé bá gbà fún un. Bàbá mi gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n n ò rí obìnrin tó ṣe é rí.

Alhaji wo ife, ó wo obìnrin náà. “Mo mọ ohun tí o fẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni.”

“Rárá o, Alhaji. Ilé yín, tiyín ni.” Ọ̀gbẹ́ni Issam já mi ní èékánná nítan, bíi pé èmi ló ń sọ̀rọ̀. “Ọmọ yìí ò mọ̀. Èmi tó yẹ kí n mọ̀, mo ti gbàgbé bí bàbá mi ṣe ń bu kọfí fún àlejò. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ wá kọ́ ọ. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọ. Kó má máa gbé e kiri láyé pé àgbàlagbà kan dìde lórí oúnjẹ nítorí ọwọ́ òun.”

Rahaf ń sunkún láìgbé ohùn sókè. Kọfí ń tutù. Èmi ń làágùn, mò ń wí nínú ara mi pé obìnrin yìí ti ta ilé wa nù.

Alhaji wá bú sẹ́rìn-ín. “Ogójì ọdún! Ogójì ọdún rèé tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀ mí kẹ́yìn pé kí n wá kọ́ òun ní nǹkan. Àwọn ọmọ mi wọ̀nyí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń se kọfí.” Ọmọ rẹ̀ tó gbé ìkòkò dání wo ilẹ̀. “Mu kọfí rẹ, Ìyá Rakan.”

Ó mu ún, bó ti tutù tó.

Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ni Alhaji fi wá sí ilé ìdáná wa, ó jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Ó ní kí Rahaf fọwọ́ ara rẹ̀ yan èso kọfí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gún un lódó. “Ìwọ ọmọ Zarqa, ṣé ilé ń jó ni? Rọra!” “Ọwọ́ òsì fún ìkòkò, ọwọ́ ọ̀tún fún ife! Àlejò kì í ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí!” Rahaf náà kì í dákẹ́. “Alhaji, táyà gan-an kì í pariwo tó yín.” Gbogbo àwọn ọmọ yòókù á pa iṣẹ́ tì wá wò wọ́n.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún se mansaf. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó, Rahaf gbé kọfí wọlé. Ó bu díẹ̀. Alhaji mu ún, ó na ife. Rahaf bu ẹ̀kejì, ó bu ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá ti yó á mi ife, àwa sì ń retí kí Alhaji mì ín. Kò mì ín. Ó gba ẹ̀kẹrin, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo na ọrùn wo inú ife náà. Kò kún.

“Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀,” ni Alhaji wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. “Wadha, ọmọ ọmọ mi. Ọdún méjì ló ti jókòó sílé. Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun fẹ́ wá. Èmi ni mo ní rárá, mo ní iṣẹ́ ẹrú ni.” Ó wo Rahaf. “Mo ti rí i báyìí.”

Ọ̀gbẹ́ni Issam ò lè mú un mọ́ra. “Alhaji, ilé náà wá ńkọ́?”

“Ilé wo? Ṣé n ó lé ọmọ ọmọ mi síta ni? Jẹ́ kí ẹni tí mo ń bẹ̀ dáhùn ná.”

Ìyá Rakan ni Alhaji ń wò, kì í ṣe alága. Gbogbo wa wò ó. Obìnrin tó bu tíì fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí a ò wojú rẹ̀, ó jókòó bí ìyá ọba, kò kánjú. Ara mi yá gágá, bíi pé èmi ni mo bí i.

“Ṣé ó ní bàtà tí kì í yọ̀?” ni ó bi í.

“Bàtà?” Alhaji wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “N ó rà á fún un lọ́la.”

“Ẹ mu kọfí yín, Alhaji.”

Ó mu ún, ó mi ife náà, ó sì dá a padà sọ́wọ́ Rahaf.