Agẹ́ńjìnnìjẹ

Ọjọ́ tí wọ́n máa ń sọ jù nípa olóògbé Baba, mẹkáníìkì àdúgbò, ni ọjọ́ tó gé mọ́tò Tíṣà jẹ.

Mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni. Tíṣà rà á nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Orí ti pá, mọ́tò sì ń lu kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù Baba ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀rọ kékeré tó máa ń kì bọ mọ́tò láti mọ àìsàn rẹ̀. Ó wá ihò tí yóò kì í bọ̀ lára mọ́tò yìí títí, kò rí. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú.

Tíṣà wọ́ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Baba. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, àwọn aláìríṣẹ́ṣe tẹ̀ lé Kọ̀ǹpútà. Baba ní kí wọ́n ṣíná mọ́tò. Ó yọ ọmọrogùn lábẹ́ abíyá, ó fi ìdí igi náà ti ẹ́ńjìnnì, ó gé orí rẹ̀ jẹ, ó di ojú.

“Baba, ṣé ebi ń pa yín ni?” Tíṣà bi í.

Ìyàwó Baba, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá, ló dáhùn láti orí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Tíṣà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.”

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Etí Baba ti di láti ọdún mẹ́ta.

Bí Ìyá ṣe mọ̀ ni pé ó pè é jẹun láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kò yíjú. Ọkùnrin tó máa ń gbọ́ ìró ọmọrí ìkòkò láti ojú títì tẹ́lẹ̀ ni. Ìyá sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó tún un pè. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni yóò gbé mọ́tò tó ń pariwo fún adití? Ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni gbogbo ilé ń jẹ.

Ló bá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà tó bá dé, á ní, “Ẹ dúró níwájú rẹ̀ o. Kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.” Àdúgbò ní agbéraga ni Baba. Ìyá ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Agbéraga ṣì ń ríṣẹ́.

Irin tó fi ti ẹ́ńjìnnì ni Baba kọ́kọ́ ń gé jẹ, kí ìró lè gba egungun àgbọ̀n dé inú etí rẹ̀. Irin fọ́ eyín kan. Ó yí sí igi, ó jí ọmọrogùn Ìyá. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ilé ń rùn dísẹ́ẹ̀lì kí Ìyá tó mọ ibi tí ọmọrogùn òun ń lọ.

Lọ́jọ́ mọ́tò Tíṣà yìí, Kọ̀ǹpútà ti ń fura. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn Baba, ó ní, “Baba, ìdí sòkòtò yín ti ya.”

Baba ò mira.

“Ẹ ẹ̀ rí i? Adití ni.”

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí sòkòtò Baba. Ìyá dìde kúrò lórí àga.

Baba la ojú, ó mú sípánà. Ó tú páìpù tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ sí nọ́súù kìíní, ẹnu tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀-kọ̀ ò dá. Ó dè é padà. Ó tú ìkejì. Kò dá. Ó tú ìkẹta, dísẹ́ẹ̀lì ta sí i lójú, kọ̀-kọ̀ dá wáí. Ó dè é, kọ̀-kọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó tún un tú, ó dá.

Ó yọ ọmọrogùn lẹ́nu. “Nọ́súù kẹta ni. Ó yẹ kó máa fọ́n dísẹ́ẹ̀lì, ó ń da á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì.” Ó wá kọjú sí Kọ̀ǹpútà. “Sòkòtò mi ti ya láti àná. Mo fi ń gba atẹ́gùn ni.”

Nígbà tí wọ́n wọlé, Ìyá dúró níwájú rẹ̀. “Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ sòkòtò?”

“Ta ló gbọ́? Ìdí mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo wá fọwọ́ kàn án, mo bá ihò níbẹ̀.” Ó jókòó. “O ti mọ̀ tipẹ́, àbí?”

“Láti ọjọ́ tí mo pè yín jẹun lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Èmi náà mọ̀ pé o mọ̀. Ta ní ń gbé àga sínú èéfín lójoojúmọ́ láìnídìí?”

Lẹ́yìn ìyẹn, tí mọ́tò bá dojú rú mọ́ Kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, á gbé e wá, á dúró níwájú Baba gbọn-in, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi fi eyín kàn án.”

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, ẹsẹ̀ Baba ò gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Lọ́sàn-án, Ìyá á jókòó tì í, Baba á fi iwájú orí ti iwájú orí rẹ̀, Ìyá á máa sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín: ìfẹ́ àgbàlagbà. Wọn ò mọ̀ pé ìròyìn àdúgbò ló ń gbọ́.

Nígbà tó kú, ọmọ wọn obìnrin bi Ìyá léèrè ohun tí wọ́n ń rí sọ lójoojúmọ́.

“Nǹkan wo ló tó bẹ́ẹ̀?” Ìyá ní. “Tí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu mi, mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó má baà gbé orí kúrò. Ìgbà kan wà tí mo kà á dé ọgọ́rin. Ó mọ̀. Kò gbé e kúrò.”