Èsì Méjì Nínú Fóònù Kan

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ fi jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi wá sí, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti máa ń mú kí ògiri làágùn. Àwọn ọkùnrin ló ń kó aṣọ ìbùsùn sínú ẹ̀rọ, àwa obìnrin là ń lọ̀ ọ́, àwa náà là ń ká a. Aṣọ ìbùsùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá ká kó dára. Ìwọ á di etí méjì mú, ẹnì kejì rẹ á di etí méjì mú, ẹ ó pàdé láàárín, ẹ ó tún sún sẹ́yìn. Òun ni ẹnì kejì mi. Bí mo ṣe wo ojú obìnrin yẹn tó láàárín ọdún mọ́kànlá, mi ò wo ojú ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

A kì í pè é ní Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ó dín ọ̀kan ni nígbà tó gbé ìwé ìṣirò wá sí ibi iṣẹ́ nínú báàgì oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀gá wa rí i, ó bi í bóyá ìwé ọmọ rẹ̀ ló gbé dání. Ó ní rárá, ti òun ni, òun ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé àgbà tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́, ọdún méjì ni wọn yóò fi kọ́ àwọn, àwọn yóò sì ṣe ìdánwò àṣekágbá bíi ti àwọn ọmọdé. Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ní tó bá di ìgbà náà, a ó máa kọ ìwé béèrè àyè kí a tó lè bá a di etí aṣọ mú. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn lorúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí àwọn tó kù ò mọ̀, tí mo mọ̀, ni pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìdánwò yẹn rí. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n ṣe é nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, já bọ́ láti orí ilé tó ń mọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Òun ni àkọ́bí, mẹ́rin ló tẹ̀ lé e. Ó ní òun ká yunifọ́ọ̀mù òun dáadáa, òun fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, nítorí òun gbà pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀ òun yóò padà. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn ló di ọdún méjìlélógún.

Ọkọ tó fẹ́ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé ó lè fi odindi ọjọ́ sọ gbólóhùn mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọmọ náà ga, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ìwé kíkọ rẹ̀ sì rẹwà. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, ọdún tí ìyá yóò ṣe ìdánwò náà ni ọmọ yóò ṣe tirẹ̀. Ìyá kò mọ ìṣirò. Ọmọ ló ń kọ́ ọ. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ọmọ á nu tábìlì ilé ìdáná, á ní kí ìyá jókòó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìyá máa pè é ní Tíṣà.

Gbogbo wa níbi iṣẹ́ la mọ ìròyìn Tíṣà. Tíṣà kò gba gbẹ̀rẹ́. Tíṣà ní kí òun tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin ń dààmú ìyá, Tíṣà fa aṣọ ìbùsùn yọ látorí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ó ká a: ẹ̀ẹ̀kan, ìdajì, ẹ̀ẹ̀kejì, ìdámẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kẹta, ìdámẹ́jọ. Ó ní, “Màmá, kí ni ẹ tiẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ láti àárọ̀? Ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe náà ni mo ní kí ẹ fi orí ṣe.” Bí èmi náà ṣe mọ ìdámẹ́jọ nìyẹn, láì san owó ilé ìwé.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà ní gbọ̀ngàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni, ọjọ́ kan náà sì ni. Àárọ̀ ọjọ́ ìṣirò, ọmọ ló bá ìyá lọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fi ìdáhùn wọn wéra. Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kò bára mu. Ìyá gbà pé òun ló ṣì í, kò sì tún bi ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò sọ fún tíṣà rẹ̀ pé tíṣà ló ṣì í?

Ọjọ́bọ̀ ni èsì jáde. Nọ́ńbà fóònù ìyá ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. À ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó, ó nà án sí mi, ó ní kí n bá òun kà á. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló ṣe, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yege, ìṣirò ló sì ga jù. Mo kà á sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Wọ́n pa ẹ̀rọ kan. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ gbé àga wá, ó ní kí obìnrin ìwé jókòó. Ẹnì kan sáré lọ ra bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èmi sì mú aṣọ ìbùsùn funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná láti inú ẹ̀rọ ìlọṣọ, mo da á bo èjìká rẹ̀ bíi gáùn àwọn ọmọ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọkùnrin aláwàdà ìjọ́sí yẹn sọ, mi ò rántí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mú kí gbogbo wa fi ọwọ́ di ìhà.

Ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń rín nígbà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì, ó bọ́ aṣọ funfun náà kúrò léjìká, ó sì dá a ká létòlétò, ó gbé e lé orí àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi, ó rọra ní, “Ẹ bá mi wò ó, bóyá ojú mi ni.” Kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ náà ti fìdí rẹmi nínú mẹ́fà, ìṣirò sì wà lára wọn.

Àwọn tó kù kò mọ̀. Wọ́n pín bisikíìtì. Ó gba tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Kí ó tó délé, ọmọ ti rí èsì tirẹ̀ lára pátákó ilé ìwé. Ọkọ ti ra adìyẹ kan láàárọ̀, ó ti gbé e sínú ìkòkò, nítorí kò rò ó rí pé èsì lè gba ibòmíràn wá. Wọ́n jókòó ti adìyẹ náà, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ já egungun. Ọmọ bi ìyá pé tiyín ńkọ́. Ìyá ní tòun kò tíì dé.

Irọ́ yẹn gbé ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá ilé ìwé àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wọn. Ọmọ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà kò mọ nǹkan kan, inú rẹ̀ dùn, ó bọ ọmọ lọ́wọ́, ó ní ìyá rẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú gbogbo wọn, àwọn sì fẹ́ kí ó wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ẹ̀bùn. Ọmọ ní ẹ ṣeun sà, ó fún un ní àga, ó bu omi fún un, ó sì dúró títí ó fi lọ.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá ní ọmọ náà kò gbóhùn sókè rárá.

“Ẹ purọ́ fún mi.”

Ìyá ní òun kò fẹ́ kí ọgbẹ́ di méjì lójú kan.

“Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kí n fi kàwé tèmi, ọ̀dọ̀ yín ni mo lò ó sí. Àkókò mi lẹ fi yege, Màmá.”

Bàbá rọ ọmọ rẹ̀ pé, “Ìyá mi, má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé irọ́ ni?”

Nígbà tí Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ló dun òun jù. Ó ní òun wá ìdáhùn tí òun lè fún un nínú gbogbo ara òun, òun ò rí i.

Èmi tí mo wà níta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn ọmọ tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni pọ̀ lára àwọn tó fìdí rẹmi lọ́dún náà, ìbẹ̀rù sì lè gba ìwé lórí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Èyí ti balẹ̀.

Ó ní òun kò ní í lọ síbi ọjọ́ ẹ̀bùn. Ọkọ rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀, ló ní kí ó lọ. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ọmọ nílé, èmi ni mo tẹ̀ lé ìyá. Láti ibi iṣẹ́ la gbà lọ, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára wa. Wọ́n pè é. Ó lọ dúró níwájú.

Ó wá ní, “Ọmọ mi ló kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, òun ni kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún.”

Àtẹ́wọ́ ró. Àwọn èèyàn ń yí orí kiri, wọ́n ń wá ọmọ náà. Obìnrin kan tiẹ̀ wo èmi tí mo jókòó ti àga Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣófo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni ọmọ náà, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ méjì. Mo rẹ́rìn-ín padà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọmọ kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù bàtà ní ìlú mìíràn. Ìyá gba fọ́ọ̀mù àtúnṣe ìdánwò, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ọmọ ní òun ti rí i, òun yóò kọ ọ́. Kò kọ ọ́ títí ọjọ́ fi kọjá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe ilé. Á bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Tó bá kan ìyá, ṣé dáadáa ni, mo dúpẹ́, ó dàbọ̀.

Ọsibítù gbé Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yàrá káàdì àwọn aláìsàn lókè, níbi tí fèrèsé wà. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà rọ̀ ọ́ pé kó gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ìwé rẹ̀ tó o. Kò gbà á. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun kò fẹ́ tún gun àtẹ̀gùn kankan síwájú ọmọ òun mọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún mi láti jọ máa ká aṣọ, ọmọbìnrin kan tó máa ń tètè fi etí aṣọ sílẹ̀.

Oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ wá kí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Ó tún ara ṣe, ó ra bàtà fún bàbá, ó ra bàtà fún ìyá, ó sì bá ìyá rẹ́rìn-ín lórí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbòòrò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ohun gbogbo, àyàfi ọ̀kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí yóò padà, ìyá sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọmọ ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò kí ó tó yíjú padà.

Ó ní, “Ẹ kú oríire o, Màmá. Mi ò sọ ọ́ fún yín nígbà yẹn.”

Ọjọ́ Ajé ni ìyá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, tó ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ká ní ọmọ náà kò sọ ọ́ ni, yóò tẹ́ òun lọ́rùn jù, nítorí òun rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Mo bi í pé kí ló wá fi dáhùn. Ó ní “o ṣeun” ni òun sọ, bí ìgbà tí èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yà lẹ́nu ọ̀nà fún un láti kọjá, mọ́tò sì lọ. Láti ìgbà náà lòun ti ń wá ohun tó yẹ kí òun sọ, òun kò sì tíì rí i.

Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bù fún mi nínú rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ títí àkókò ìsinmi fi tán.