Mọ́tò Tí Ọmọ Fi Sílẹ̀ fún Bàbá Onípákó

Òórùn irin tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàárọ̀ ní Sàǹgó nígbà náà. Ẹ̀yìn ọgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ àwókù irin ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi wà, bí atẹ́gùn bá sì ti yíjú sí wa, èéfín rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì àti bẹntiróò tó ti rin ilẹ̀ wa gbingbin, á wá di òórùn kan tí ìyàwó mi máa ń sọ pé òun ń gbọ́ lára ìrọ̀rí. Ìwọ náà rántí ìgbà yẹn. Ìgbà tí àwọn ìjọ ńláńlá ń ra oko lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, tí yunifásítì ń dìde níbi tí a mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́, tí ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá ìwé àti ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìyanu jọ ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan náà lábẹ́ bíríìjì. Bó bá di Sọ́ńdè, ọkọ̀ bọ̀gìnnì á tò lọ bí ìjàlọ. Ara àwọn ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń jẹun, n kò ní purọ́.

Bàbá kan wà ní Ọ̀tà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onípákó. Ọmọ Ọ̀tà gidi ni, Mùsùlùmí tí iwájú orí rẹ̀ ti dúdú nítorí ìforíkanlẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ń kan òrùlé ló ń tà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn ìjọsìn tó wà lójú ọ̀nà wa yẹn, pákó rẹ̀ ló wà lórí wọn. Kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, ọjà ni ọjà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ wálé wá sọ pé òun ti di onígbàgbọ́, pé ọmọbìnrin kan nínú ìjọ lòun yóò sì fẹ́, Bàbá ní kó jáde nílé òun. Ọmọ náà jáde. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì, ó kọ́lé sí Itele, ó ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì tòkúnbọ̀ kan tó dúdú bí kóró iṣin, èmi ni mo sì ń bá a tún un ṣe. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá dé, á wa ọkọ̀ náà lọ sí iwájú ilé bàbá rẹ̀. Kò ní wọlé, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní kó wọlé. Á dúró síta, á ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé yídì." Bàbá á gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, á fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ṣojú mi lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ náà di ilẹ̀kùn náà mú títí bàbá rẹ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀, kó tó rọra pa á dé.

Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa olùkọ́ náà, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tó ń kú. Bàbá kò lọ síbi ìsìnkú. Àwọn ará àdúgbò ní ohun tó tọ́ ló ṣe, pé nílẹ̀ Yorùbá, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n fẹ́ bò ó láṣìírí ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé nígbà tí olùkọ́ náà ń kó ọmọ jáde láyọ̀, Bàbá kò lọ bákan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ ní Itele tán, awakọ̀ ìjọ kan wa ọkọ̀ dúdú náà wá sí iwájú ilé Bàbá, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ tí olóògbé sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé kí wọ́n gbé mọ́tò náà fún bàbá òun. Ó kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mọ́tò náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n to pákó sí, òjò rọ̀ sí i títí òjò fi dá, eruku pákó bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ọmọdé ń fi ìka kọ orúkọ sí i lára.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú nígbà tí mo rí Bàbá tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìwọ lo máa ń tún mọ́tò ọmọ mi ṣe," ó ní. Kò sọ ọ́ bí ìbéèrè.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìrójú."

"Ó ń wúkọ́. Mo ní kí ẹnì kan bá mi ṣí i, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì kú. Wá bá mi wò ó."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ́n, n kò gbọ́ kó pe ọkùnrin yẹn ní ọmọ rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn eku ti kọ́lé sórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti gé àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sí púlọ́ọ̀gì jẹ, àwọn púlọ́ọ̀gì fúnra wọn sì ti dípẹtà. Mo lọ ra tuntun, mo padà wá ṣe é níwájú ilé Bàbá níbẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí n fà á lọ. Àwọn púlọ́ọ̀gì iwájú kò yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn, àfi kí ènìyàn kọ́kọ́ tú páìpù atẹ́gùn kúrò lókè, kó sì máa fi ọwọ́ wá ohun tí ojú kò lè rí. Èyí tó kẹ́yìn kọ̀, kò yí. Bí irú rẹ̀ bá kán sínú, orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Mo ta ọ́ìlì sí ìdí rẹ̀, mo ní kí a fún un láyè kó mu ún.

Orí àga onígi ni Bàbá jókòó sí láti àárọ̀. Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé, "Ṣé ó máa ń dárúkọ mi lọ́dọ̀ yín?"

Mo nu ọwọ́ mi. "Bó bá ti gbọ́ pé mo dé Ọ̀tà, á bi mí bóyá mo rí yín. Á ní, ṣé ara wọn le?"

Bàbá ń wo pákó rẹ̀. "Ara mi le," ó ní, pẹ̀lú ohùn kékeré. Èmi kọ́ ló ń dá lóhùn.

Mo dìde, mo padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo tún fi sípánà sí i, púlọ́ọ̀gì náà han lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbà. Mo fi àwọn tuntun sí i, mo so wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ni ín, mo ṣí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà mú lójú ẹsẹ̀. Ìró rẹ̀ dọ́gba, ó rọ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹni tó ni ín wà láyé. Inú mi dùn, bí inú oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń dùn. Bàbá wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ agbádá funfun, ó ti dé fìlà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

"Gbé mi lọ sí Itele."

"Bàbá," mo ní, "wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ."

"Òbí tó rí ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè ni wọ́n ń bá wí. Máa lọ."

Ojú ọ̀nà náà kò dára, a ń bọ́ sínú kòtò, a ń jáde, Bàbá kò sì fi ẹ̀yìn ti àga títí a fi dé. Ọwọ́ rẹ̀ kan awò ojú ọmọ rẹ̀ nínú àpò ilẹ̀kùn. Ó yọ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé ẹnu géètì. Bí mo ti fẹ́ pa iná ọkọ̀ ni ilẹ̀kùn ilé ṣí, tí ọmọbìnrin kékeré kan sá jáde láìwọ bàtà, tó ń pariwo pé, "Dádì ti dé! Mọ́mì, dádì ti dé!" Ìyá rẹ̀ sá tẹ̀ lé e, aṣọ tó ń sá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìró mọ́tò náà ni wọ́n gbọ́. Mo ti tún un ṣe dáadáa jù. N kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi tó dùn mí bí ìyẹn láyé mi.

Ọmọ náà rí wa, ó dúró. Ó wo èmi, ó wo Bàbá, ó wo àga ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ta ni bàbá yìí?"

Ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà mọ́ àyà. "Àlejò dádì yín ni," ó ní.

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó kí Bàbá bó ti yẹ kí ìyàwó ilé kí i. Ó gbé àga jáde síta fún un. Kò ní kó wọlé. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni sàréè náà wà, wọ́n fi táìsì funfun bò ó. Bàbá bọ́ bàtà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí táìsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ara ọmọ tí ibà mú. Nígbà tó dìde, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ti àwọn ọmọ ni."

"Bàbá, ẹ̀yin ló fi sílẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ. Bí ọmọ yìí bá tún gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò mọ ohun tí mo máa sọ fún un." Ó wo sàréè náà. "Ó retí yín, Bàbá. Títí di àárọ̀ ọjọ́ tó lọ, bí mọ́tò bá ti dúró níta, á ní kí n lọ wò ó bóyá ẹ̀yin ni."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó bá fi ìbínú sọ ọ́ ni, bóyá Bàbá ì bá rí ohun dì mú.

A padà lọ sí Ọ̀tà. Bàbá ní kí n yọ bátìrì ọkọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i mọ́. Ó ń fi ìrẹsì àti aṣọ ránṣẹ́ sí Itele, obìnrin náà ń gbà á, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mú àwọn ọmọ wá. Nígbà tí Bàbá kú, kò pẹ́ púpọ̀ sígbà yẹn, obìnrin náà wá. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ti lọ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde.

Ìwọ mọ̀ pé díákónì ni mí báyìí. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá sọ pé télọ̀ kan ní Ìjòkó lòun fẹ́ fẹ́, Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ líle ti dé orí ahọ́n mi. Inú mi kò dùn, n kò sì ní sọ fún ọ pé ó dùn. Àwọn kan nínú ìjọ ń dúró láti rí ohun tí màá ṣe. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rí i pé ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó kàn ń dúró de ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ni. Mo ní, "Sọ fún un kó wá jẹun lọ́dọ̀ wa." Wọ́n fẹ́ra. Ó ṣì máa ń dùn mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí n kò bá rí ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ìjòkó, tí ọmọ wọn gbọ́ ìró mọ́tò mi tó sì sá jáde, ó mọ ẹni tó ń sá bọ̀ wá pàdé.