Omijé Nídìí Ẹja Yíyan

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan, orí mi máa ń wú.

Oṣù méje péré ni mo lò nínú ìyá mi. Òwú ni wọ́n fi wé mi, wọ́n sì tẹ́ mi sẹ́bàá ààrò tí ìyá mi ti ń yan ẹja ní Ìwáyà, kí òtútù má baà pa mí. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní n kò mọ ojú, torí bí ìyá wa bá fi ojú bá mi wí níwájú àlejò, ẹ̀rín ni mo máa ń rín sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi ń dà lójú gbogbo wa nínú èéfín. Mo rí i pé ọwọ́ ìyá mi kò yí ẹja mọ́, ẹja sì ti ń jóná. Mo lọ di ọwọ́ náà mú.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́rìn-ín. "Èéfín ni, ìwọ òpè yìí."

Ìyá mi fà mí mọ́ra. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìròyìn ikú ìyá tirẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú.

Lọ́sàn-án náà, ìyá mi wo àwọn ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀yin olóṣù mẹ́sàn-án," ó ní, "olóṣù méje yìí nìkan ló rí mi."