Báàgì Àna Mi Lórí Òkè

Nínú agboolé tí wọ́n bí mi sí, nítòsí ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, wọn kì í fẹnu kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ojú lọmọ fi ń rí i. Bí àgbàlagbà bá yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹrù lọ́wọ́, wàá dìde, wàá gba ẹrù náà, wàá sì ti máa sá wọlé lọ kó tó ráyè bá ọ jiyàn. Nítorí yóò bá ọ jiyàn. Yóò ní, "Fi í sílẹ̀, kò wúwo." Ẹni tó bá wá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á sì bú. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mò ń gbé ní Adéwọlé, mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń yá bí mo bá rí ìyá àgbà kan tó ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tòun ti àpò. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwàkiwà ni mo gbé lọ sórí òkè àwọn òyìnbó. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo gbé lọ, òun náà ló sì dójú tì mí.

Àkọ́bí mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Switsalandi. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọkùnrin kan, òyìnbó tó ti gba kálímà, tó di Mùsùlùmí, kí wọ́n tó mọra, tó ń kírun lásìkò ju èmi gan-an lọ. Mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un, ìyá náà ò sì fẹ́ kí ọmọ òun wọ ìdílé tí òun ò mọ̀. Ó ní kí n wá. Ó ní òun kì í mọ èèyàn lórí ìjókòó, kí n wá bá òun rìn lórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí òun tó sọ ohun tó wà lọ́kàn òun. Mo bi ọmọ mi pé kí ló sọnù sórí òkè. Ó ní kò sí ohun tó sọnù, pé fàájì wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Bí màmá yìí bá kọ̀, ọmọ rẹ̀ ò ní lè fẹ́ mi lẹ́yìn rẹ̀."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo di ìwé àtijọ́ kún báàgì àgbékọ́yìn kan, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Adéwọlé lọ sí GRA láàárọ̀ kí n tó wọ ọ́fíìsì. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dúró fún mi: "Alhaji, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá. Wọ́n á tún wò mí, wọ́n á ṣe "hẹn," wọ́n á lọ. Lọ́jọ́ Sátidé mo gun òkè Sóbi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé kò tún sí òkè kankan láyé tó lè bà mí lẹ́rù. Ó ní kí n má gbàgbé róòbù tí mo fi ń pa orúnkún.

Òkè Sóbi, ẹ foríjì mí, òkìtì ilẹ̀ ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbójú sókè wo àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Alps yẹn, ṣe ni fìlà mi bọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ àfonífojì náà tutù, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, màálù ń jẹ̀ níbẹ̀ tàwọn ti agogo lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, yìnyín ṣì wà láàárín àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló lọ síbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa àti funfun sàmì sára òkúta kí èèyàn má baà ṣìnà. Ní oríta, pátákó aláwọ̀ ìyeyè ló wà, iye wákàtí tí ibì kọ̀ọ̀kan jìn sí ni wọ́n sì kọ sí i. Ẹran kan wà níbẹ̀ tó jọ òkété, tó ń dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, tó sì ń súfèé. Mo rò pé ẹnì kan ló ń pè mí.

Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ti funfun, ó gbé báàgì aláwọ̀ ewé kan tí oòrùn ti mú kó ṣá kọ́ ẹ̀yìn. Bí mo ṣe rí i ní ibùdókọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i bó ṣe yẹ kí n kí àna mi tó tún jù mí lọ. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀. Ọmọ mi fọwọ́ bojú. Nígbà tó ṣàlàyé fún un lédè wọn, màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wò ó pé ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Bí èmi, màmá àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ṣe gba ọ̀nà òkè, mo nawọ́ sí báàgì rẹ̀. Ó mi orí. Mo rìn díẹ̀, mo tún nawọ́. Ó tún mi orí, ó sọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi ní, "Bàbá, níbí, kálukú ló ń gbé tiẹ̀. Wọn kì í gba ẹrù ara wọn." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. Èmi tí mo ti ń rí àgbàlagbà tó ń kọ̀ láti kékeré, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀: wọ́n á kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó má baà dà bíi pé wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú. Inú wọn kì í bàjẹ́ tó o bá gbà á tipátipá. Mo wo màmá yìí tó ń gun òkè tòun ti ẹrù, èmi géńdé ọkùnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, ara mi ń yún mi bíi pé gbogbo Ìlọrin ló ń wò mí.

Ilé kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ sórí òkè ni a sùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ibẹ̀ fún àwọn tó ń rìn láti òkè dé òkè. Orí pèpéle pákó kan ṣoṣo ni gbogbo wa sùn, èmi àti àna mi. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ sùn sáàárín wa, mo kọjú sí ògiri. Kó tó di pé a sùn, mo bu gàrí tí mo gbé láti ilé, mo fún màmá ní kúlíkúlí. Ó jẹ ẹ́, ó bèèrè òmíràn. Ọmọ mi wò mí láti òdìkejì tábìlì, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ti dá a lójú pé ó ti bọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ yẹn la máa kọjá ibi tó ga jù, àlàfo kan láàárín àpáta méjì, kí a tó sọ̀ sí òdìkejì. Màmá gbé báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì níta, ó wọlé lọ dágbére fún àwọn onílé. Àwọn ọmọ ṣì ń ká búláńkẹ́ẹ̀tì lókè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbé báàgì náà kọ́ àyà, tèmi wà lẹ́yìn, mo sì ṣí ẹsẹ̀. Mo yára, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é nílé, wàá ti jìnnà kí àgbàlagbà tó lè gba ẹrù rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ. Mo ń rò ó lọ́kàn pé yóò pariwo díẹ̀, yóò wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin yìí, wọ́n kọ́ ọ nílé. Orí mi ń wú bí mo ṣe ń lọ.

Mo dé oríta kan. Orúkọ ibi tí à ń lọ wà lára pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà kan gùn, ìkejì kúrú. Èmi tí mo gbé ẹrù méjì, èwo lẹ rò pé mo mú? Mo gba èyí tó kúrú, ó sì mú mi dé etí adágún omi kan tí yìnyín ṣì bo ìdajì rẹ̀. Mo jókòó dè wọ́n níbẹ̀. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀, mi ò rí omi náà mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tó tutù bíi pé inú fíríìjì ló ti ń bọ̀. Mo wo báàgì tó wà láyà mi kó má baà rẹ, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé aṣọ òjò màmá ni wọ́n so mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ohun tí màmá fẹ́ lò lórí òkè ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló wà, mi ò sì mọ ibi tó wà. Mo padà sí oríta, mo gba ọ̀nà kejì. Mi ò rìn, mo ń sáré, mo ń ṣubú, mo ń dìde. Fóònù ò ní nẹ́tíwọọ̀kì. Mo ń ké yá Allah bíi ẹni tí iná jó ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ mo gbọ́ fèrè, mo kọ́kọ́ rò pé òkété ọjọ́sí ni. Àna mi ọkùnrin ló ń fọn fèrè fún ìrànlọ́wọ́.

Wọ́n ti ń sáré tẹ̀ lé mi láti àárọ̀. Wọ́n rò pé iwájú wọn ni mo wà. Màmá jókòó sórí òkúta, jákẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ ló wọ̀, ọmọ mi dì í mú láti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń mí, mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ikọ́ fée ló ní, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, nítorí kò yẹ kó jẹ́ àníyàn mi: oògùn rẹ̀ máa ń wà nínú báàgì rẹ̀, báàgì rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi já báàgì náà gbà láyà mi láìwo ojú mi. Ó ṣí àpò òkè, ó yọ ínhélà kékeré kan, ó fi sí i lẹ́nu, ó fọ́n ọn, ó tún fọ́n ọn. Èmi dúró.

Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó gbójú sókè wò mí, ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi ò túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo bínú, mo ní èmi ni bàbá rẹ, kí ló wí? Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Wọ́n ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi jí báàgì àwọn."

Èmi, olè. Lójú àna mi, lórí òkè, níwájú ọmọ mi. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo máa gbà já a. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì kí n tó gbé e. Ọmọ mi ń ṣàlàyé fún un nípa ilé wa, nípa àgbàlagbà àti ẹrù, ó ń sunkún, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò dá a lójú mọ́ pé òun máa wọ ilé ọkùnrin náà. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó dìde. Nígbà tí à ń sọ̀, tí ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí òkúta tútù, ó na ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì tó fi ń rìn sí mi láìbojú wẹ̀yìn. Mo gbà á.

Lọ́jọ́ kẹta, ní ibùdókọ̀, màmá ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun á wá sí Ìlọrin fún yìgì ìgbéyàwó àwọn ọmọ. Ìyẹn nìkan ni. Ọmọ mi dì mọ́ mi. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ojú ń tì mí débi pé ṣe ni mo ń wo bàtà mi. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bèèrè irú èèyàn tí àna wa jẹ́. Mo ní èèyàn dáadáa ni. Ó ní òkè ńkọ́? Mo ní òkè ga.

Màmá wá lóòótọ́. Agboolé bàbá mi la ti gbà á, gbogbo ẹbí ti pé jọ. Bó ṣe sọ̀ nínú mọ́tò, tí mo rí báàgì aláwọ̀ ewé náà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ti dìde, wọ́n ń sáré bọ̀ láti gbà á. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe pé, "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ àgbà ilé báyìí, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ìyá arúgbó, àna rẹ, kó máa gbé ẹrù wọ ilé bàbá wa, ìwọ dúró síbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn?" Bí mo bá ṣàlàyé, gbogbo wọn á mọ ohun tí wọ́n pè mí lórí òkè. Mo dorí kodò níwájú àwọn ọmọ tí mo ti máa ń bá wí nítorí ọ̀rọ̀ kan náà.

Màmá ò gbédè wa, àmọ́ ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó wo tèmi. Ó sọ báàgì náà kalẹ̀. Ó ṣí àpò òkè, ó yọ ínhélà rẹ̀, ó fi sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì náà fún mi.

Àwọn ẹbí pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀hẹ́n, ọmọ bàbá rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ń sàdúrà fún mi bí mo ṣe ń gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tí a pèsè fún un. Mi ò yára. Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan mo ń dúró díẹ̀, mo ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí.